Ilé ọmọ, nǹkan oṣù àti oyún kékeré: ìbéèrè táwọn obìnrin Abẹ́òkúta máa ń bi nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí

Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó wà nílùú wa kì í dé kílíníìkì títí ikùn á fi yọ. Wọ́n ní oyún kékeré kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ káàkiri. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣírí yẹn, èmi náà sì mọ ìdí rẹ̀. Àmọ́ inú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí a ń fi í pa mọ́ yìí gan-an ni ẹ̀yà ara ọmọ ń dá. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń bi àwa agbẹ̀bí jù, òmíràn ní gbangba lórí bẹ́ǹṣì, òmíràn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nígbà tí ẹni tó jókòó tì wọ́n bá ti dìde. Mo dáhùn wọn bí mo ṣe máa dá àbúrò mi lóhùn.

Nọ́ọ̀sì, kí ló wà ní abẹ́ ikùn obìnrin gan-an?

Ilé ọmọ ló wà láàárín, lẹ́yìn àpò ìtọ̀. Kí oyún tó dé, kò ju ẹ̀ṣẹ́ obìnrin náà fúnra rẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó tín-ín-rín ni ọrùn ilé ọmọ, ibẹ̀ ló gbà já sí ojú ara. Lókè, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan yọ jáde, gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12. Òun ni a ń pè ní túùbù. Lẹ́bàá ẹnu túùbù kọ̀ọ̀kan ni ilé ẹyin kan wà. Ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde yàtọ̀ sí ojú ara. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé mo ti rí ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ tí kò mọ̀.

Ọmọbìnrin ti ní gbogbo ẹyin rẹ̀ lára kí ìyá rẹ̀ tó bí i, mílíọ̀nù kan sí méjì. Nígbà tó bá fi bàlágà, bíi 300,000 sí 400,000 ló kù. Nínú gbogbo ìwọ̀nyẹn, nǹkan bí 400 péré ló máa gbó tó máa jáde, ọ̀kan lóṣù, títí nǹkan oṣù á fi dá. Bí obìnrin ṣe ń dàgbà ni ẹyin rẹ̀ ń dàgbà, ìdí nìyẹn tí oyún fi ń ṣòro sí i lẹ́yìn ọdún 35.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ni nǹkan oṣù?

Rárá o. Lóṣooṣù, awọ inú ilé ọmọ máa ń nípọn, ẹ̀jẹ̀ á sì kún inú rẹ̀, kí ọlẹ̀ lè rí ibi dì mọ́. Bí ọlẹ̀ kò bá dé, awọ yẹn á já, òun ló ń dà jáde. Kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ní láti fọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki álọ́ọ̀mù tàbí iyọ̀ sójú ara, ẹ má sì da omi ọṣẹ sí i. Ojú ara ń fọ ara rẹ̀. Nǹkan wọ̀nyí ló ń lé àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lọ, tí àkóràn fi ń ráyè wọlé.

Láti ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù kan sí ọjọ́ kìíní òmíràn, ọjọ́ 21 sí 35 kò burú. Ọjọ́ 28 tí gbogbo èèyàn ń pariwo, àárín rẹ̀ lásán ni. Ẹni tí páàdì rẹ̀ ń kún láàárín wákàtí kan tàbí méjì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ńláńlá ń bọ́ lára rẹ̀, kó lọ rí dókítà.

Ọjọ́ wo lobìnrin lè lóyún?

Ẹyin máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tó ń bọ̀. Láti ẹ̀yìn la ti ń kà á, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹ jẹ́ ká ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta lẹ rí nǹkan oṣù. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 28 ni tiyín ń yí, ẹyin máa jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 16 oṣù yẹn. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 35 ló ń yí, ó di nǹkan bí ọjọ́ 23. Ẹ rí i pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló wà láàárín àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ẹyin kì í lò ju wákàtí 12 sí 24 lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún. Nítorí náà, ọjọ́ márùn-ún tó ṣáájú, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹyin jáde gan-an, ni ilẹ̀kùn fi ṣí. Àmì kan wà tí obìnrin lè fi ojú ara rẹ̀ rí: omi tó ń jáde lójú ara á mọ́ gaara, á máa yọ̀, á sì máa fà láàárín ìka méjì bíi funfun ẹyin adìẹ tútù. Bí ẹ bá ń wá ọmọ, ọjọ́ mélòó kan tí ẹ bá fi rí i yẹn ló dáa jù. Bí ẹ kò bá fẹ́ oyún, ẹ má gbára lé kíkà nìkan, pàápàá bí nǹkan oṣù yín bá ń sáré lónìí tó ń falẹ̀ lọ́la. Ẹ wá sí ibi ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

Lẹ́yìn ìbálòpọ̀, àtọ̀ máa ń dà padà jáde lára mi. Wọ́n ní èdà ni, pé òun ni kò jẹ́ kí n lóyún.

Ìbéèrè yìí ti mú ọ̀pọ̀ obìnrin sunkún níwájú mi, ó sì ti ná wọn lówó. Ohun tó ń dà jáde yẹn, omi ni. Àwọn tó máa dé ọ̀dọ̀ ẹyin ti wọ ọrùn ilé ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣáájú kí ẹ tó dìde. Gbogbo obìnrin ni ó ń ṣe, títí kan àwọn tó ti bí mẹ́fà. Kì í ṣe àrùn, kò sì ní oògùn.

Bákan náà ni "ilé ọmọ rẹ gbóná." Ilé ọmọ kì í gbóná ju ara yòókù lọ. Ohun tó sábà máa ń dí oyún lọ́wọ́ ni ẹyin tí kì í jáde déédéé, túùbù tó dí, àti àtọ̀ ọkùnrin tí kò tó tàbí tí kò lágbára. Àtọ̀sí àti klamídíà tí a kò tọ́jú ló sábà ń dí túùbù, klamídíà kì í sì í fi ara hàn rárá nínú ọ̀pọ̀ obìnrin. Bí ẹ bá ti ń wá ọmọ fún ọdún kan láìrí, tàbí oṣù mẹ́fà bí ẹ bá ti lé lọ́dún 35, kí tọkọtaya jọ lọ ṣe àyẹ̀wò. Mo ní tọkọtaya. Àyẹ̀wò àtọ̀ rọrùn, owó rẹ̀ kò sì tó ti gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún obìnrin kí wọ́n tó rántí ọkùnrin.

Báwo ni ọlẹ̀ ṣe ń sọ?

Inú túùbù ni ẹyin àti àtọ̀ ti ń pàdé, kì í ṣe inú ilé ọmọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pàdé, ó ń pín sí méjì, sí mẹ́rin, ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì dì mọ́ awọ ilé ọmọ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹfà sí ìkẹwàá lẹ́yìn tí ẹyin jáde. Àwọn kan máa ń rí ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ní àkókò yìí, wọ́n á sì rò pé nǹkan oṣù ló tètè dé. Nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọlẹ̀ gùn tó nǹkan bí mìlímítà 5, síkáànì tí wọ́n ń ki sójú ara sì ti sábà máa ń rí ọkàn rẹ̀ tó ń mì. Ní ọ̀sẹ̀ 12, ó ti lé ní sẹ̀ǹtímítà 5, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti pé.

Ta ló ń pinnu akọ tàbí abo?

Àtọ̀ bàbá. Àmì méjì ló ń pinnu rẹ̀, X àti Y, ẹyin obìnrin kì í sì í ní ju X lọ. Àtọ̀ tó gbé X wá ló ń di obìnrin, èyí tó gbé Y wá ló ń di ọkùnrin. Kí ẹnikẹ́ni má lé ìyàwó torí pé obìnrin ló ń bí.

Ìbejì ńkọ́? Ṣé iṣu tí wọ́n ń jẹ ní Igbó-Ọrà ni?

Igbó-Ọrà kò jìnnà sí wa, a sì jọ jẹ́ Yorùbá. Òótọ́ ni pé àwa Yorùbá ń bí ìbejì ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà láyé lọ. Ìwádìí àtijọ́ rí bíi 45 sí 50 nínú 1,000 ìbímọ lágbègbè yẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ẹyin méjì tó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì máa ń wà nínú ìdílé ìyá. Ti iṣu àti ewé ilá, wọn ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Bí oyún bá jẹ́ ìbejì, ó yẹ kí a tètè mọ̀, nítorí ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀.

Ìgbà wo ni mo lè ṣe tẹ́ẹ̀sìtì?

Lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù yẹ kó dé tí kò dé, tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìtọ̀ àárọ̀ ló dáa jù, kí ẹ tó mu omi. Ohun tí sitírípù náà, ìyẹn pélébé tí a ń ki bọ ìtọ̀, ń wá ni họ́mọ̀nù kan tí oyún ń ṣe, tó ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí ẹ bá tètè ṣe é jù, ó lè sọ pé kò sí, kó sì wà. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tún un ṣe. Ilà méjì ló ń sọ pé oyún wà. Ilà kejì tó hàn fẹ́ẹ́rẹ́ náà, ilà ni.

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọkọ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni òun délé. Wàhálà ti dé.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, kí ẹ sì fún ọkọ yín náà kà.

Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí ẹyin àti àtọ̀ pàdé nínú túùbù. Ọjọ́ tí obìnrin lè rántí ni ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù rẹ̀ tó kẹ́yìn. Nítorí náà, láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ilé ìwòsàn lágbàáyé ti ń ka oyún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí a kà mọ́ oyún, oyún kò tíì sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Obìnrin náà rí nǹkan oṣù lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ rẹ̀ tó ń wakọ̀ lọ sí òkè ọya dé ní ọjọ́ 16, ọlẹ̀ sọ. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹrin, ó wá sí kílíníìkì, nọ́ọ̀sì kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí káàdì rẹ̀. Ọkọ ka ti ẹ̀, ó bá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti ọjọ́ kan. Àwọn méjèèjì tọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ni. Mo ti rí ilé tó fẹ́ dàrú nítorí ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ó sì dùn mí, torí pé gbólóhùn kan láti ẹnu nọ́ọ̀sì ni ìbá ti tán an. Bí wọn ò bá ṣàlàyé fún yín, ẹ bi wọ́n.

Ọjọ́ 280, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 40, ni a ń kà láti ọjọ́ náà lọ. Ti obìnrin yìí máa bọ́ sí ọjọ́ 8 sí 10 oṣù Kejìlá. Ọ̀pọ̀ kì í bí lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ọ̀sẹ̀ 37 ni ọmọ ti lè dé. Ẹ máa kọ ọjọ́ nǹkan oṣù yín sára kàlẹ́ńdà ògiri tàbí sínú fóònù. Bí ẹ kò bá rántí rẹ̀, síkáànì tí ẹ bá ṣe ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa sọ ọ́ dáadáa jù. Èyí tí ẹ bá ṣe nígbà tí ikùn ti yọ kì í fi bẹ́ẹ̀ péye mọ́.

Mò ń bì ṣáá, òórùn ọbẹ̀ pàápàá kò ṣe é gbọ́.

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, á sì rọlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 14 sí 16. Ẹ máa jẹun díẹ̀díẹ̀ léraléra, kí ẹ jẹ bisikí́ìtì tàbí búrẹ́dì gbígbẹ kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, kí ẹlòmíràn bá yín dín ata. Atalẹ̀ máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Bí omi pàápàá kò bá dúró nínú yín, tí ìtọ̀ dín kù tó sì pọ́n, ẹ wá gba omi sára lọ́jọ́ náà. Bí ara bá gbóná pẹ̀lú èébì, ẹ má pè é ní "oyún ló ń ṣe mí". Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ibà ni. Ibà nínú oyún kékeré lè gba ẹ̀mí.

Mo rí ẹ̀jẹ̀. Ṣé oyún ti bàjẹ́ nìyẹn?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, oyún wọn sì dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó wù kó kéré, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oyún tó dì mọ́ inú túùbù. Túùbù kò lè fẹ̀ bí ilé ọmọ, nítorí náà ó lè bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà sínú ikùn níbi tí ojú kò ti rí i. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹwàá, nígbà tí ẹlòmíràn kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Àmì rẹ̀ ni inú rírun líle ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lójú ara, òòyì, àárẹ̀ òjijì, àti ìrora ní ṣóńṣó èjìká. Èjìká yẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Wọ́n á ní òtútù ni, wọ́n á fi róòbù pa á. Bí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò wá bá ń dákú, ẹ má fi àdúrà nìkan dá a dúró sílé, ẹ má gbé e lọ sí kẹ́mísì. Ilé ìwòsàn tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ tó sì ní ẹ̀jẹ̀ ni kí ọkọ̀ gbé e lọ tààrà, òru ìbáà jẹ́.

Ẹni tí ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Rh nẹ́gátíìfù (bí O- tàbí A-) tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, kó sọ fún dókítà. Abẹ́rẹ́ kan wà tó lè nílò.

Oyún mi wálẹ̀ ní oṣù kejì. Wọ́n ní torí pé mo gbé omi ni.

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Kì í ṣe omi, kì í ṣe ọ̀kadà tí ẹ gùn láti Láfẹ́nwá, kì í ṣe ìjà tí ẹ bá aládùúgbò jà. Nínú oyún mẹ́wàá tí a mọ̀ pé ó wà, ọ̀kan sí méjì ló ń wálẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wálẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, láti ìgbà tí ẹyin àti àtọ̀ ti pàdé ni àṣìṣe ti wọ inú ohun tí wọ́n jọ gbé wá, oyún náà kò sì ní lè dàgbà. Kò sí ohun tí ìyá ì bá ṣe. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó bá yìí ṣẹlẹ̀ sí ló ń bímọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, tàbí tí ibà àti òórùn burúkú bá tẹ̀ lé e, ẹ padà wá kíákíá. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyẹ̀wò wà fún un.

Ìyá ọkọ mi ra àgbo fún mi ní Ìtòkú, kí oyún lè dúró.

Ìfẹ́ ló mú un ṣe é, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀. Ewé àti egbò tó wà nínú ìgò yẹn, a kò mọ bó ṣe pọ̀ tó. Òmíràn ń mú kí ilé ọmọ máa fún pọ̀, òmíràn ń ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí pò tún burú sí i, torí pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a mọ̀ pé kò léwu fún ọlẹ̀. Ẹfun àti amọ̀ tí àwọn aboyún ń jẹ náà, òjé lè wà nínú rẹ̀.

Nínú oògùn kẹ́mísì, parasítámọ́ọ̀lù ni ẹ lè lò bí orí bá ń fọ́. Ẹ jìnnà sí ìbúpírófẹ́ẹ̀nì, díkílófẹ́nákì àti tẹtirasáíkílììnì. Kí ẹ tó gba oògùn kankan, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ẹ lè ti lóyún.

Oògùn wo wá ni kí n lò?

Fólíkì ásíìdì. Mílígíráàmù 0.4 lójúmọ́, kí oyún tó dé bó bá ṣeé ṣe, títí di ọ̀sẹ̀ 12. Ìdí tó fi ń kánjú ni pé ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ ti ń pa dé láàárín ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí ọlẹ̀ sọ. Bí kò bá pa dé dáadáa, ọmọ lè ní àléébù ní ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ kò tíì ṣe tẹ́ẹ̀sìtì nígbà yẹn! Mílígíráàmù 5 tó pọ̀ lọ́jà wà fún àwọn kan, bí ẹni tó jẹ́ SS, ẹni tó ń lo oògùn wárápá, tàbí ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ bi wá èyí tó tọ́ sí yín. Èyí tó pọ̀ yẹn lè dí iṣẹ́ Fansidar lọ́wọ́.

Fansidar tí a fi ń dènà ibà kì í ṣe ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Láti ọ̀sẹ̀ 13 ló ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kan láàárín, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta. Kó tó dìgbà yẹn, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni ààbò yín. Ní ti oúnjẹ, ẹ má pa làfún tì, àmọ́ kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà, ẹyin tó jinná àti ẹja pọ̀ ju òkèlè lọ.

Àdìrẹ ni iṣẹ́ mi ní Ìtòkú. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Rárá, ṣùgbọ́n ẹ pín iṣẹ́ náà. Kí ẹlòmíràn máa po sóódà àti háídírósì, kẹ́míkà tí a fi ń po aró, kó sì máa dúró ti ìkòkò àbẹ́là tó ń yọ́, torí èéfín ibẹ̀ kò dára fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lè máa di aṣọ, máa ya á, máa tà á. Bó bá pọn dandan kí ẹ ki ọwọ́ bọ aró, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, ní gbangba tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ṣé a lè máa bá ara wa lò pọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, àfi bí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ tàbí tí dókítà ní kí ẹ dúró ná. Kò lè kan ọmọ.

Ìgbà wo ni kí n forúkọ sílẹ̀, níbo sì ni?

Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí èyí àkọ́kọ́ sì wà nínú oṣù mẹ́ta yìí. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín tó láti fi bẹ̀rẹ̀; bí ọ̀rọ̀ bá ju tiwọn lọ, wọ́n á kọ̀wé lé yín lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjàyè, Federal Medical Centre ní Ìdí-Abà, tàbí Sacred Heart ní Lántòrò. A máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, a máa yẹ ìtọ̀ wò, a máa wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó, ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀, jẹ́nótáìpù, kòkòrò HIV, rẹ́kórẹ́kó àti mẹ́dọ̀wú irú B. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ní ìtọ́jú tó ń gba ọmọ là bí a bá tètè mọ̀.

Ní ti àṣírí, ohun tí ẹ bá sọ fún wa kò gbọdọ̀ ti ẹnu wa jáde. Ẹ kò ní láti sọ fún ìyálé, ẹ kò ní láti sọ fún ará ọjà Kútọ̀. Ẹ mú ọjọ́ nǹkan oṣù yín tó kẹ́yìn dání, orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo, àti ìwé àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù bí ẹ bá ti ní in. Bí ọkọ yín bá ráyè, kó tẹ̀ lé yín. Ìbéèrè ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn á tán níwájú wa.